Máàkì fún Orin Kọkàndínlógún

Orin mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun,
sínú fóònù Tiwalọlá, ọmọ ọmọ mi,
torí pé tèmi ò mọ̀ ju ká pè é kó dáhùn.
"Bàbá àgbà, ẹ̀yin ni adájọ́ láti Nàìjíríà."
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nu eruku ara àwo
ní yàrá orin ilé-iṣẹ́ rédíò ní Àkúrẹ́,
tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé èwo ló dùn.

Iná ti lọ láti àárọ̀.
Jẹnẹrétọ̀ Adékànyè ń ké lẹ́yìn fèrèsé,
ó ń bá gbogbo orílẹ̀-èdè gbe orin.
Mo ki nǹkan bọ etí, mo da aṣọ borí,
bí onibà tí wọ́n fi kúbùsù bò lórí ìkòkò àgbo.

Pépà wọn ní ìlà mẹ́rin:
ohùn, ọ̀rọ̀, ìlù, ìmúra.
Ará Bràsíìlì ń fò bí ẹni tó tẹ ìjàlọ; mo fún un ní méje.
Àwọn ọmọ Kóríà mẹ́fà jó débi pé mo gbàgbé pé orin ni.
Ọkùnrin Potogí kan sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Ẹni tó kú ò yé mi. Márùn-ún.

Ti Nàìjíríà ńkọ́? Ọmọ Adékànyè ni.
Adékànyè kan náà, oníjẹnẹrétọ̀,
fọkanáísà ìyànà Ìjọ̀kà.
Ó ti gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá lálẹ́ àná,
ó ní, "Bàbá, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o, ó kàn pọ́n ni."
Òfin ní adájọ́ ò gbọdọ̀ fún ilé rẹ̀ ní máàkì.
Ọpẹ́lọpẹ́ òfin!
Ọmọ náà ń lé ohùn òkè bí ajá tí ń lé ọ̀kadà,
kò bá a, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe bó bá bá a.
Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó dùn ju orin lọ.

Ó wá kan ìkọkàndínlógún.
Obìnrin kan láti Ẹsitóníà,
ilẹ̀ tí mi ò lè fìka tọ́ka sí lórí máàpù.
Kò wọ nǹkan tó ń dán. Gìtá kan, àga kan.
Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó mí sínú,
irun apá mi sì dìde kí orin tó dé.
Ó ní: "Omi dé, ọmọ mi, omi dé."

Mo dá a padà. "Omi dé, ọmọ mi."
Mo pe Tiwalọlá. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.
"Bàbá àgbà, èdè wọn ni. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀:
ọkọ̀ ojú irin ló kọjá tí kò dúró."

Ọkọ̀ ojú irin kẹ̀!
Re re mí, re re re, re re mí:
ta ni kò ní gbọ́ omi níbẹ̀?
Lọ́dún tí odò Àlà kún wọ yàrá wa,
ìyá mi gbé mi kọ́ èjìká lóru,
ohun tó ń sọ títí a fi dé òkè nìyẹn.
Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo rántí.

Ṣé èyí tó kọ ni kí n dá lẹ́jọ́, àbí èyí tí mo gbọ́?
Lábẹ́ ọ̀rọ̀, mo kọ mẹ́wàá. Mo pa á rẹ́, mo kọ mẹ́fà.
Mo kọ mẹ́wàá padà, pépà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Lálẹ́ Sátidé wọ́n kéde. Àwọn ọmọ Kóríà ló gbé e.
Tèmi ṣe ipò kọkànlélọ́gbọ̀n.
Ọmọ Adékànyè ṣe ìkẹjọ.
Bàbá rẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò dákẹ́ lójijì,
ó wá kàn mí lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, ẹ ṣeun."
Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Kò gbà mí gbọ́.
Ó ti gbé ìdì mìíràn dání.
Èyí ò tíì pọ́n.