Okùn Kan, Ọkọ̀ Méjì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ agòkè ní Valparaíso,
ọkọ̀ onígi kékeré tí okùn irin ń fà.
Ọkọ̀ méjì, okùn kan:
bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀ kalẹ̀.
N kì í wo ojú èrò kí n tó mọ bí ẹrù ti wúwo tó,
okùn ní í kùn sí mi létí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo mú àwọn ọmọ ọmọ mi lọ sílé ìwòsàn.
Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n gun ìwọ̀n.
Amaro, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi kílò mọ́kànlá ju ti èṣí lọ.
Ludmila, ìbejì rẹ̀,
tirẹ̀ fi kílò mẹ́sàn-án lọ sílẹ̀.
Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wò mí:
"Bàbá, ṣé ilé kan náà ni wọ́n ti ń jẹun?"

Ilé kan náà ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà ni.

Bílẹ̀ bá ti ṣú, Amaro á di jagunjagun,
á sáré gun òkè yìnyín, á fo ọ̀gbun,
bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ ò kúrò lórí àga,
ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ nínú ọ̀rá ọ̀dùnkún díndín.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ ló ti ẹnu ọ̀nà wa dé etí òkun.
Ajá àdúgbò mọ̀ wọ́n jù ú lọ.

Ludmila wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì,
ó ń wo àwọn ọmọge tí egungun ìhà wọn ṣeé kà.
Á gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, á jẹ ìdá kan.
"Mo ti yó, Tátà."
Àwọn ajá àtẹ̀gùn wa ti sanra.

Mo gbé fóònù náà lé àtẹ́lẹwọ́:
kò wúwo tó búrẹ́dì kan.
Èmi tí mo ti gbé pósí gòkè, tí mo gbé dùùrù,
tí mo gbé aboyún tí ń rọbí,
n ò mọ ohun tí èyí fi ń fa ọmọ.

A kì í já okùn nígbà tí èrò wà nínú ọkọ̀.
Ṣùgbọ́n búréèkì wà.

Láàárọ̀ Sátidé mo yọ wáyà lára ògiri.
Amaro lu tábìlì. Ludmila sunkún.
Mo ní orúnkún ń dùn mí, kí wọ́n wá mú mi dání sọ̀ kalẹ̀.
Irọ́ ni, díẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ogójì, èémí Amaro ń sáré,
òòyì ń kọ́ Ludmila.
Àwọn méjèèjì jókòó síbì kan náà.
Ajá kan yọ,
ó ń gbóòórùn ọwọ́ ọmọbìnrin náà,
ó ń wá búrẹ́dì rẹ̀.