Aago Ògiri

Òkè-Líṣà l'Óǹdó, alẹ́ Sátidé. Iná ti lọ.
Mo gun àpótí, mo ṣí gíláàsì.
Inú agolo Bọnfíìtà ni kọ́kọ́rọ́ wà, níbi tí Màmá fi í sí.
Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Kò gbọdọ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:
"Ẹni tó bá ti yó, ẹ má rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu."

Owó kòkó ni Bàbá Akíndójútìmí fi rà á.
Ìwé ìwọ̀n kòkó náà ló ká,
tó fi ti ìdí rẹ̀, kó má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó ṣì wà níbẹ̀. N kò fà á yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan fi àdín pa á lára bí ọmọ tuntun;
ọdún mẹ́ta gbáko, kò fọhùn,
títí alágbẹ̀dẹ aago kan fi t'Àkúrẹ́ wá,
tó tú u sórí aṣọ funfun,
tó fi ìyẹ́ adìẹ kán òróró ẹ̀rọ sí i.
Ẹ̀kán kan. Ó tó.

Ọmọ mi na fóònù sí mi:
"Dádì, ìṣẹ́jú méje ló fi ń wọ́ lẹ́yìn."
Mo mọ̀.
Màmá kò jẹ́ ká tún un ṣe.
Ìṣẹ́jú méje yẹn, ó ní,
la fi ń dúró de ẹni tó ń ti oko bọ̀.