Ìbú Ìka Kan

Ximena Oyarzún kì í pa iná mọ́.
Ẹ̀wù àwọn tó ń pa á ló ń tọ́jú,
lórí òkè kan ní Valparaíso,
níbi tí ilé ti gun ilé léjìká,
tí panápaná kankan kì í gbowó oṣù:
oníbúrẹ́dì ni wọ́n, tíṣà, mẹkáníìkì,
títí fèrè yóò fi ké.

Láàárọ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù sórí tábìlì,
ó ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ó ń wá ihò.
Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà yọ,
iná ò ní í tọrọ ọ̀nà níbẹ̀.
Ní èdè tèmi, ẹ̀wù àti ewu,
àmì díẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.
Ximena ò gbọ́ èdè mi, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó ní kì í ṣe ọwọ́ iná nìkan ló ń jóni.
Òógùn náà ń hó:
aṣọ tó rin gbingbin lábẹ́ ẹ̀wù,
bí ooru bá kàn án, ó di ìkòkò,
ìwọ lẹran inú rẹ̀.
Ọ̀rá tó yọ́ kì í mọ ibi tí aṣọ parí sí
tí awọ ti bẹ̀rẹ̀.

Fèrè ké ní aago méjì ọ̀sán.
Baltasar, ọmọ ogún ọdún, sáré dé
tòun ti jẹ́sì bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé,
ọ̀rá gidi, tó ń dán.
"Bọ́ ọ."
"Ìyá, iná ti wọ inú igi yukalípítọ́ọ̀sì!"
"Mo ní bọ́ ọ. Awọ kan ṣoṣo ni wọ́n dá mọ́ ọ."
Ọkọ̀ ń pariwo. Ó bọ́ ọ, ó ń kùn,
ó wọ aṣọ òwú, ó fa ìborí bo etí.
Ximena fúnra rẹ̀ ló so ìbọ̀wọ́ mọ́ apá ẹ̀wù,
ó fi ìka wá àlàfo. Ìka ò ráyè wọlé.

Ìbú ìka kan ni àlàfo tirẹ̀ lọ́jọ́ sí,
nígbà tí òun náà ń gun àkàbà.
Àpá rẹ̀ ṣì yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po
bí ẹ̀gbà tí ẹnikẹ́ni ò rà fún un.

Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó padà.
Èjìká ẹ̀wù Baltasar ti di èédú.
Kò sọ̀rọ̀. Ó ká apá ẹ̀wù sókè,
ó na ọwọ́ méjèèjì
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wò bóyá ó fọwọ́ kó tó jẹun.
Ximena wò ó, iwájú, ẹ̀yìn.
Ó gba ẹ̀wù náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì.
"Ihò mẹ́ta," ó wí.
"Jẹ́sì rẹ wà lórí àga. Lọ sùn."