Ìránṣẹ́ Tó Ṣi Ilé Yà

Aago méjì òru ní Kajaani.
Yìnyín ti bo ojú odò pátá.
Nínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń ṣe bébà láyé ìjọ́un,
sáfà mẹ́rin ń kùn bí oyin tí kò ní àfárá.
Kọfí mi ti tutù.
Fóònù dún.

Nọ́ọ̀sì Aulikki ni, láti Suomussalmi.
"Orúkọ aláìsàn ń dé," ó ní, "ọjọ́ orí rẹ̀ ń dé,
àwòrán egungun rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín ni kò dé.
Bàbá arúgbó ni, yìnyín ló yọ̀ ọ́ ṣubú,
ó ń kérora nínú yàrá kejì.
Bí a bá pe àwòrán náà lẹ́ẹ̀mẹrin,
ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹ́,
ìyẹn náà kì í ṣe gbogbo ìgbà."

Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí.
Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo kì í bọ̀ padà.
Wáyà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.
Mo bi sáfà kìíní, ó ní òun rán an.
Mo bi ìkejì, ó ní òun rán an, òun tún un rán.
Ìkẹta ṣì ń rán an bí mo ti ń bi í lọ́wọ́.
Kò sí ọ̀lẹ láàrin wọn.

Mo ju òkúta kékeré sójú ọ̀nà: ó lọ, ó bọ̀.
Mo ju èyí tó tóbi:
n kò gbọ́ gbì.

Ó wá di kí n lúgọ.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka ìdì kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá,
ẹni tó dì í, ẹni tó ń retí rẹ̀, bó ṣe wúwo tó.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ.
Nígbà náà ni mo rí ọmọ kékeré kan
tó ń ti ọ̀nà igbó bọ̀.
Afárá tóóró tó wà lọ́hùn-ún ló rán an:
"Ẹrù yín tóbi. Egbèje ni mo lè gbà. Ẹ gé e."

Ọmọ náà kò sùn lọ́nà, kò gbàgbé iṣẹ́.
Ó dé ọ̀dọ̀ apínrù wa,
èyí tí a gbé síbẹ̀ kó máa pín àlejò sí yàrá mẹ́rin.
Apínrù wò ó lókè wò ó nílẹ̀, kò mọ ẹni tó ń wá,
ó tì í sí yàrá tó bọ́ sí i lọ́wọ́.
Yàrá kejì ló dẹrù, ọmọ ń jíṣẹ́ ní yàrá kẹrin.
Yàrá kẹrin ní, "Ẹrù wo?"
Bó bá ṣèèṣì ya ilé tó tọ́, àwòrán a dé.
Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin.

Oiva, bàbá mi, dúró síbi tí mo jókòó sí yìí
fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń gé bébà.
Ìka méjì ló fi sílẹ̀ fún abẹ ibẹ̀.
Ó máa ń sọ pé,
"Má bá bébà jà. Lọ wọn ẹnu àpótí."

Mo wọn ẹnu àpótí, bàbá.
Mo pàṣẹ kí ìdì kankan má ju egbèje lọ.
Mo ní bí ọmọ yẹn bá tún dé,
kí apínrù mú un yípo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
kó kígbe lẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo:
ẹni tó lọ̀rọ̀ á gbọ́.

Mo pe Aulikki. Mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnì.
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ìbàdí ni," ó ní. "Ó ti là."
"Àwòrán dé?"
"Mo ní ìbàdí bàbá yìí ti là, mò ń wò ó!"
Ó já fóònù. Kò ráyè ọpẹ́.

Mo gbé kọfí tútù mu.
Mo yí ìwé àkọsílẹ̀ padà sẹ́yìn:
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yẹn ti ń wá,
tọ̀sán tòru, ó ń jíṣẹ́ kan náà fún ẹni tí kò kàn,
àwa ń sọ fáwọn èèyàn pé
nẹ́tíwọ̀kì ló ń ṣe ségesège.