Asẹ́ fún Òkun Kékeré

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fẹ́ àlìkámà
nínú ilé ọkà gíga ẹ̀bá ojú irin ní Yorkton.
Mo mọ asẹ́. Mo mọ ìyàngbò, mo mọ òkúta wẹ́wẹ́,
mo mọ eku tó kú tó gbẹ bí igi ìdáná.
Ṣùgbọ́n omi òkun,
ta ní ń fẹ́ omi òkun?

Darka ọmọ ọmọ mi ló dá a sílẹ̀.
Ẹja aláwọ̀ ọsàn ló wù ú, èyí tó fi funfun gbàjá.
Mo ra àpótí gíláàsì, ogójì gálọ́ọ̀nù,
mo gbé e síbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ Halyna máa ń wà.
(N ò ní sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.)
Láti ibí dé etí òkun, ọjọ́ méjì ni nínú mọ́tò.
Gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ẹni tó fi asẹ́ pọnmi
lásán ló rìn.
Èmi rèé, mo ń wá asẹ́ fún omi.

Marlys pàtẹ wọn síwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí bàtà:
asẹ́ alágolo, tó lúgọ sílẹ̀ bí ajá,
tó ń fa omi sínú, tó ń pọ̀ ọ́ padà;
asẹ́ tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn gíláàsì
bí àpò ọmọ iléèwé;
àpótí abẹ́ tábìlì, oníyàrá mẹ́ta,
tí owó rẹ̀ ju ti mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà lọ;
àti ọ̀pá kan tó ń fi atẹ́gùn lu omi iyọ̀
títí ìdọ̀tí fi máa di ìfòòfó,
tí ìfòòfó á gòkè, á dà sínú ife bíi tíì tó ti ṣá.
Ìyẹn yé mi. Bí ìyàngbò ṣe ń ṣe náà nìyẹn.

Mo ní, "Èwo ló dáa jù?"
Ó wo ọwọ́ mi, ó wo Darka,
ó ní, "Baba, ṣé ẹ máa ń rántí fọ nǹkan?"
Rárá. Ìyàwó mi ló máa ń rántí.
"Ẹ fi alágolo sílẹ̀ nígbà náà.
Ìdọ̀tí tí asẹ́ mú, tí a ò dà nù,
inú omi ló ṣì wà. Ó kàn fara pamọ́ ni."
Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.

Mo ra ọ̀pá onífòòfó. Mo ra òkúta òkun, oníhò yẹ́úkẹ́,
igba dọ́là,
ní ìlú tí àgbẹ̀ ti ń ṣa òkúta dà nù lóko lọ́fẹ̀ẹ́.
Marlys ní àwọn tó ń gbé inú ihò náà
ni asẹ́ gan-an, pé ojú ò lè rí wọn,
pé kí n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ẹja dà, Gido?"
"Àwọn tí a ò rí ṣì ń jẹun."
"Ẹja dà?"
Omi funfun bí omi ìrẹsì. Omi rùn.
Ìgò àyẹ̀wò di àwọ̀ ewé, ó kọ̀, kò pọ́n.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, òtútù ń ṣẹ́ irin níta,
iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́.
Mo jókòó tì í pẹ̀lú àtùpà,
mo ń fi ṣíbí onígi Halyna ro òkun,
wákàtí mẹ́ta,
kí àwọn tí n kò rí rí lè rí èémí mí.
Darka sùn lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀.
Ọwọ́ mi kú. Mo fi èkejì rò ó.

Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Ìgbín kan tí ẹnikẹ́ni ò rà,
tí kò tó èékánná,
jáde láti inú òkúta, ó ń gun gíláàsì lọ.

Ẹja ò tíì dé.
Láàárọ̀ Sátidé mo yọ ife ìfòòfó,
mo dà á nù, mo fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ.
Ẹnikẹ́ni ò rán mi létí.