Igi Tútù

Orúnkún ni Jólàyẹmí ń dì mú.
Orúnkún náà la sì dojú kọ:
òrí la fi pa á, àdí la fi pa á,
ìyá rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó o lálaalẹ́
ní Ìjàrá, oṣù mẹ́ta gbáko.
Èmi káfíńtà, mo ní ọ̀lẹ ni,
mo ní ó ń sá fún pákó rírù.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ara rẹ̀ kì í ṣe kékeré,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà síta bíi ti pẹ́pẹ́yẹ,
mo sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tí kò lè tẹ ilẹ̀ mọ́ la wọ ọkọ̀ Ìlọrin.
Dókítà Sáádátù ò tilẹ̀ fọwọ́ kan orúnkún.
Ó fa fọ́tò egungun yọ, ó gbé e sójú fèrèsé:
"Baba, ẹ wò ó. Ìbàdí ni.
Orí egungun itan ti ń yẹ̀,
bí ẹrù ṣe ń yẹ̀ lórí òṣùká.
Orúnkún kàn ń bá a ké ni."
Ètè la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.
Mi ò lè wo ojú ọmọ mi.

Ó ní sukúrù kan ṣoṣo ni, kò gùn ju ìka mi àárín lọ.
Mo ní, "Dókítà, iṣẹ́ mi nìyẹn.
A kì í de igi tútù.
Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, kó má baà là."
Ó rẹ́rìn-ín:
"Torí pé ó tútù ló ṣe ń yẹ̀.
Ibi tí egungun ti ń ga gan-an la máa dè,
kó jókòó síbi tó dé yìí.
Tá a bá ní kó gbẹ ná, wíwọ́ ló máa gbẹ."

Mo ta ẹ̀rọ ìfági mi.
Wọ́n gbé e wọlé láàárọ̀ Àtàláátà,
mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì,
ọwọ́ mi ń wá irinṣẹ́ tí n óò fi tún un ṣe
títí wọ́n fi pe orúkọ mi.

Èmi ni mo gbẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, àfàrà ni.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀.
Òsì ńkọ́? Wọ́n ní ká máa ṣọ́ ọ.
Tó bá ti ní "orúnkún" báyìí,
kí n tó bi í léèrè, mo ti ń wá bàtà mi.

Lánàá mo fi téèpù wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì:
ọ̀tún fi díẹ̀ kúrú, kò tó ìbú àtàǹpàkò.
Mo fá pákó pẹlẹbẹ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bàtà.
Igi gbígbẹ ni. Mo ti kọ́kọ́ sá a sóòrùn.