Aró Di Osùn

Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé ti wọ́ dànù tán,
a hú ọtẹ́ńsíà ìyá mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta
tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ mọ létíkun Bùrẹ̀tánì.
Àwọn ará Párìsì ti ra ilé náà.
Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gbé ọkọ̀ síbẹ̀.

Gwenola ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Ó di àwọn ẹ̀ka jọ bí ẹni ń di irun ọmọ tó kọ̀ tí kò jókòó,
ó ní, "Má gbẹ́ ẹ súnmọ́ ìdí, Tangi.
Ibi tí ewé bá nà dé lókè, gbòǹgbò ti débẹ̀ nísàlẹ̀."
Mo gbẹ́. Ṣọ́bìrì kan òkúta, ó dún gbàù.
Mo gbẹ́ títí ẹ̀yìn mi fi ń bẹ̀ mí.
Ìṣù erùpẹ̀ tó jáde tóbi tó ọmọ màlúù,
ó dúdú, ó ń rùn bí ewé jíjẹrà àti òjò àná.
Aṣọ ibùsùn la fi wé e,
èyí tí bàbá mi kú lé lórí.
Ìyá mi ò sọ̀rọ̀. Ó ta á ní kókó mẹ́rin.

Ọ̀nà jìn. Ẹ̀yìn mọ́tò ló bá a jókòó sí,
ọwọ́ kan lórí ìṣù náà, bí ẹni ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù.
Nílé epo, kọfí ni mo rà; omi lòun rà,
ó sì da gbogbo rẹ̀ sí ìdí igi.

Ní Reims, ilẹ̀ ẹfun ni tiwa.
Gbẹ́ ẹ dé orókún, á funfun bí eyín.
Ìyá mi bu díẹ̀, ó fi ìka méjì lọ̀ ọ́ kúnná,
ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fún lówó ayédèrú.
"Ibí yìí náà kọ́?"
"Ibí yìí ni, Màmá."

Ọdún kìíní, èmi ni mo ṣìṣe.
Mo mú àlùmọ́gàjí nígbà òtútù, mo gé e mọ́lẹ̀ pátá,
mo rò pé mo ń tún un ṣe.
Ewé yọ, ewé nìkan.
"Orí igi ọdún tó kọjá ni òdòdó rẹ̀ máa ń jókòó sí," ló wí.
"O ti gbé àga kúrò nídìí àlejò."

Ọdún kejì, ó tanná.
Ní Bùrẹ̀tánì, aró ni, aró tó mu, aró ìkòkò;
níbí, ó jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú,
bí osùn tí omi ti ń ṣàn kúrò lára ọmọ tuntun.
Ghislain, aládùúgbò wa, na ọrùn kọjá ọgbà:
"Ẹ ri ìṣó tó ti dípẹtà mọ́ ọn nídìí!
Ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọfí sí i!"
A ri ìṣó. A da kọfí. Ńṣe ló ń pọ́n sí i.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ilẹ̀ ni igi yìí wò kó tó yan aṣọ.

N ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́.
Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nílé oníbúrẹ́dì,
obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ níwájú mi,
ohùn rẹ̀ ń fà bíi ti àwọn ará Reims,
ó ń ṣàròyé òjò bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.
Ó yíjú. Ìyá mi ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí sí ẹ̀yìn igi,
níbi tó ti máa ń da tíì tó bá ṣẹ́kù nínú ife rẹ̀ nù.
Orí òdòdó kan ṣoṣo, lábẹ́ ewé,
ìlàjì osùn, ìlàjì aró.
Ó fi ewé bò ó padà.
"Má sọ fún Ghislain," ló wí,
"á ní ìṣó òun ni."